Bí a ṣe ń ka gìtá: ọ̀rọ̀ fún àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, a tún tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín kí ẹ lè fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì gbọ́ ọ, kò sí ohun tí ó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ gìtá ni a fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé kí ni ó kan ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà pẹ̀lú gìtá. Ó kàn án gan-an, nítorí orin náà ní ìwé tirẹ̀, a ń kọ ọ́, a sì ń kà á, ẹni tí ó bá sì ti mọ Yorùbá kà pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú ilé náà.

Bàbá aránṣọ kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì alẹ́ wa ni, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, ó sì ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ó máa ń dá orin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Orin kan wà tí ó dá nígbà kan, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀, tí wọ́n jọ ń kọ. Àwọn ọmọ náà gba òmìnira, oníkálukú lọ. Lọ́jọ́ kan bàbá fẹ́ kọ orin yìí, kò rántí ohùn rẹ̀ mọ́. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú ìwé o, nítorí ó ti mọ ìwé kọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, orin ti lọ. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fún un ní gìtá kan, ó bi mí pé, “Tíṣà, ṣé mo lè kọ́ ọ débi tí n óò fi lè kọ ohùn orin sílẹ̀? Àbí ó ti pẹ́ jù fún mi?”

Mo dá bàbá lóhùn pé ẹni tí ó jókòó kọ́ a, b, d ní ẹni ogójì ọdún ti kọjá ibi tí ó ṣòro jù. Ìwé orin kò ní ìtìjú tí ó tó ti ìyẹn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí a ní láti kọ́kọ́ yanjú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ta gìtá dáadáa ní ìlú yìí, nínú ìjọ, níbi ìnáwó, ni kò mọ ìwé orin rárá. Etí ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ má ṣe fojú di wọ́n. Ohun èlò olókùn kì í ṣe àjèjì sí wa. A ní mọ́lò, a ní gòjé, etí náà ni àwọn baba wa sì fi kọ́ wọn. Gìtá fúnra rẹ̀ gba ojú òkun wá, àwọn atukọ̀ Kru láti ilẹ̀ Làìbéríà sì wà lára àwọn tí ó tan ọ̀nà tí a fi ń ta á kálẹ̀ láti èbúté dé èbúté. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá nìkan ni wọ́n ń lò. Ọ̀nà ìka méjì yìí ni ó wọ inú orin àwọn ẹlẹ́mu, tí ó sì wọ inú jùjú ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1930. Kò sí ìwé níbẹ̀, orin sì dùn. Ṣùgbọ́n etí kò lè fi orin ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní Kétu tàbí ní Sakété. Ìwé lè fi í ránṣẹ́. Ẹ ó sọ pé ẹ̀rọ alágbèéká ń gba ohùn sílẹ̀ nísinsìnyí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń gbà á, kò sì lè fi yé ọ bí a ṣe tò ó. Ẹni tí ó gbọ́ ìwé tí a kà sí i létí kò tíì di ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ilẹ̀ wa kan tí ó ní méjèèjì. Lionel Loueke ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni, a bí i ní 1973. Ìlù ni ó kọ́kọ́ ń lù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta gìtá, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ẹni ọdún 17 kí òun náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó tó ọdún kan kí ó tó kó owó gìtá àkọ́kọ́ jọ, owó tí ó tó 50 dọ́là. Okùn gìtá kò wọ́pọ̀ níhìn-ín nígbà náà, Nàìjíríà ni a ti ń rí i rà. Nítorí náà ó máa ń rẹ okùn ògbólógbòó sínú ọtí kíkan kí ìdọ̀tí lè bọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó mú okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́, ó fi í ṣe okùn gìtá. Etí ni ó fi ń kọ́ orin ní gbogbo àkókò yìí. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Abidjan, ó ti ibẹ̀ lọ sí Párísì ní 1994, ó sì dé Boston ní Amẹ́ríkà ní 1999, sí ilé ẹ̀kọ́ orin Berklee. Ẹ wo iye ọdún tí ó fi jókòó sídìí ìwé, ẹni tí ó ti mọ gìtá ta kí ó tó kúrò nílé! Ó wà lára àwọn tí ó bá Herbie Hancock ṣe àwo “River” ní 2007, àwo tí ó gba ẹ̀bùn Grammy tí ó ga jù fún àwo orin ní 2008. Títí di òní, ìka lásán ni ó sábà máa fi ń ta gìtá olókùn náílọ̀n, ẹni tí ó bá sì tẹ́tí dáadáa yóò gbọ́ ìlù ilẹ̀ wa nínú rẹ̀. Ìwé kò pa etí rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sídìí iṣẹ́. Gìtá tí mo ń sọ ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní guitare classique. Ará Spéènì kan tí ń jẹ́ Antonio de Torres, tí ó kú ní 1892, ni ó ṣe é ní ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn agbẹ́gìtá ṣì ń tẹ̀ lé: ara okùn tí ń dún gùn tó sẹ̀ǹtímítà 65. Okùn mẹ́fà ni ó ní. Mẹ́ta tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ náílọ̀n, wọ́n rí bí okùn tí àwọn apẹja ọ̀sà wa fi ń so ìwọ̀. Mẹ́ta tí ó nípọn jẹ́ fọ́nrán náílọ̀n tí a fi wáyà wẹ́wẹ́ yí lára. Tẹ́lẹ̀ rí, ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìfun wọ́n gógó nítorí àwọn dókítà ń lò ó láti fi rán ojú ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun, ni Albert Augustine ní New York bá bẹ̀rẹ̀ sí fi náílọ̀n ṣe okùn gìtá, tí Andrés Segovia, àgbà olórin ará Spéènì, sì tì í lẹ́yìn. (Bàbá aránṣọ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ èyí fún un. Ó ní òwú ránṣọ ni gbogbo rẹ̀ já sí.)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi okùn irin sí gìtá yìí láéláé. Okùn irin ń fà ju náílọ̀n lọ púpọ̀. Igi pẹlẹbẹ tí a lẹ̀ mọ́ ojú gìtá, tí ó di okùn mú, lè ṣí kúrò, ọrùn gìtá sì lè tẹ̀. Ọ̀pọ̀ gìtá ni ó ti bàjẹ́ báyìí nítorí pé okùn irin ni ẹni tí ó ni ín kọ́kọ́ rí lọ́jà. Nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, ojú gìtá sì lè là. Ẹ gbé e sínú àpò rẹ̀, kí ẹ gé fóòmù díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ fún un gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi í sínú àpótí ọṣẹ tí a lu ihò sí lára, kí ó máa bá gìtá gbé inú àpò náà. Ẹ má sì gbé gìtá ti ògiri páànù tí oòrùn ń pa.

Ìjókòó ni ó kàn. Ẹ jókòó sí etí àga tí kò ní ọwọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré kan, tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ gbé gìtá ka itan òsì, kí orí gìtá ga tó èjìká tàbí kí ó lé díẹ̀. Ọmọdé yóò rò pé àṣehàn ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé gìtá sórí itan ọ̀tún bí a ti máa ń rí i, ẹ ó rí i pé ọrùn ọwọ́ òsì yín ká kọ́rọ́kọ́rọ́ kí ìka tó lè dé okùn tí ó nípọn. Ìká yìí ni ó ń ba ọwọ́ jẹ́ bọ̀ dọdún mélòó kan, ẹni tí ó sì ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, bí aránṣọ, bí onídìrí, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣeré. Orí ìka yóò ro yín ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìyẹn kò léwu, yóò le. Ṣùgbọ́n bí ọrùn ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́ tàbí èjìká bá ń ro yín, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ìfaradà.

Ìka mẹ́rin ni ọwọ́ ọ̀tún ń lò, kì í ṣe méjì. Àwọn ará Spéènì ni ó sọ wọ́n lórúkọ nínú ìwé: p ni àtàǹpàkò, i ni ìfábẹ̀lá, m ni ìka àárín, a ni ìka òrùka. Ọmọńdinrín ń sinmi. Àtàǹpàkò ni ó ni okùn mẹ́ta tí ó nípọn. I ni ó ni okùn kẹta, m ni ó ni ìkejì, a ni ó ni ìkínní. Ìlú tí oníkálukú ní ilẹ̀ tirẹ̀ ni, kì í sí ìjà níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a fi ń ta okùn. Nínú ọ̀kan, bí ìka bá ti ta okùn tán, ó sinmi lé okùn tí ó tẹ̀ lé e. Apoyando ni wọ́n ń pè é, ohùn rẹ̀ sanra. Nínú èkejì, ìka ta okùn, ó sì gba òfuurufú kọjá láìkan òmíràn, tirando nìyẹn. Mauro Giuliani, ará Ítálì, kọ eré ọwọ́ ọ̀tún 120 sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1812, lórí ohùn méjì péré tí ọwọ́ òsì ń dì mú, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbájú mọ́ ọwọ́ kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn. Ní kíláàsì wa náà, ọjọ́ tí a bá ń kọ́ bí a ṣe ń di kálámù mú, a kì í béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ òsì: ìfábẹ̀lá ni 1, àárín ni 2, òrùka ni 3, ọmọńdinrín ni 4. Àtàǹpàkò wà lẹ́yìn ọrùn gìtá, kò gbọdọ̀ yọ lókè. Ẹ rí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn gìtá. Ẹ má tẹ okùn lórí irin, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ láàárín méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá irin gan-an, ní ẹ̀yìn rẹ̀ níhà orí gìtá. Bí ó bá ń dún bí eṣinṣin tí ó há sínú ìgò, ìka yín ti jìnnà sí irin jù.

Wàyí o, ìwé. Ẹ rántí ohun tí a kọ́ nípa àmì ohùn: ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ohùn àárín ni re, ohùn òkè ni mí. Ibo ni a ti rí orúkọ wọ̀nyí? Inú orin ni. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, mọ́ńkì kan wà ní ilẹ̀ Ítálì tí ń jẹ́ Guido, ará Arezzo. Iṣẹ́ tiwa gan-an ni ó ń ṣe. Àwọn ọmọ tí ń kọrin nínú ilé ìsìn ń fi ọdún púpọ̀ há orin sórí, wọn kò sì lè kọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sí wọn létí rí. Guido fa ìlà sórí ìwé, ó to ohùn sí orí ìlà àti sí àárín ìlà, ó sì fi ẹ̀ka ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìlà orin Látìn kan sọ àwọn ohùn náà lórúkọ. Ut ni àkọ́kọ́, òun ni ó di do lẹ́yìn náà. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ohun tí ó ń gba ọdún mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ kò ju ọdún kan tàbí méjì lọ mọ́. Ìlà márùn-ún ni a ń lò báyìí. Ohun tí ó bá wà lókè lórí ìwé ni ó ga lóhùn, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó rẹlẹ̀. Àmì orí wa ń fì sókè tàbí sísàlẹ̀. Ti orin ń gun àkàbà.

Ẹ wá gbé gìtá. Ìka 3 ọwọ́ òsì, ẹ fi í tẹ okùn karùn-ún ní irin kẹta: do nìyẹn. Okùn kẹrin lásán, láìfi ìka tẹ ohunkóhun: ré nìyẹn. Ìka 2 lórí okùn kẹrin kan náà, ní irin kejì: mi nìyẹn. Àtàǹpàkò ni kí ẹ fi ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí ìwé, do ní ìlà kékeré tirẹ̀ nísàlẹ̀ ìlà márààrún, ré so rọ̀ mọ́ abẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, mi sì jókòó sórí ìlà náà gan-an. Ó tán. Ẹ ti ní dò, re, mí lọ́wọ́.

Ẹ ta ré-ré: ọkọ, bàálé ilé. Ẹ ta ré-mi: ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Ẹ ta ré-do: ọkọ̀ tí ń gbé yín lọ sí Kùtọnu. Ẹ ta do-do: ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Ẹ ta á lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìlà, kí ẹ fún ẹlòmíràn kà. Mo ti rí ìyá àgbà kan tí kò di gìtá mú rí, tí ó pa ojú dé, tí ó ń sọ èyí tí a ta: “Ọkọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ nìyẹn.” Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Òótọ́ ni pé ohùn ẹnu wa kì í dúró gbọnrangandan bí ohùn gìtá. Ó máa ń yọ́ lọ sókè àti sísàlẹ̀, ìdí nìyí tí onídùndún fi ń fún awọ mọ́ra. Ṣùgbọ́n fún ìbẹ̀rẹ̀, ó tó.

Ibi tí ó ti máa ń dojú rú fún àwa tí a wà níbodè nìyí. Páálí okùn tí ó ti Nàìjíríà wá kì í kọ do, ré, mi. Lẹ́tà ni ó ń kọ. C ni do, D ni ré, E ni mi, F ni fa, G ni sol, A ni la, B ni si. Okùn gìtá lásán, láti orí èyí tí ó nípọn jù, jẹ́ mi, la, ré, sol, si, mi. Lára páálí ẹ ó rí E, A, D, G, B, E. Ohun kan náà ni. Ẹ kò ṣáà jẹ́ kí ó dà yín láàmú pé ní Bẹ̀nẹ̀ a ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí ará Nàìjíríà ń kọ ẹ àti ọ, tí a sì ń kọ kp níbi tí wọ́n ń kọ p. Ẹnu kan ni, ìwé méjì.

Èyí tí ó le díẹ̀ ni ìwé orin ìjọ láti Èkó tàbí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà d, r, m, f, s, l, t kọ. Nínú ìwé yẹn, d kì í dúró sójú kan. Ibi tí orin bá fi ṣe ilé ni wọ́n ń pè ní d. Bí orin bá fi sol ṣe ilé, sol náà ni wọn yóò pè ní d. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí a kọ́ ọ lọ́nà Faransé, do ní àyè kan ṣoṣo, kì í kúrò níbẹ̀. Kò sí èyí tí ó burú nínú méjèèjì. Èmi rò pé ti Èkó rọrùn fún ẹni tí ń fi ẹnu kọrin, tí tiwa sì rọrùn fún ẹni tí ń wá ibi tí yóò fi ìka sí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Láti tún ohùn okùn ṣe, ẹ gba la láti inú ẹ̀rọ alágbèéká tàbí láti ara irin ẹlẹ́nu méjì tí àwọn Faransé ń pè ní diapason, èyí tí ń mì ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. La ti okùn karùn-ún rẹlẹ̀ sí i ní àkàbà méjì, ṣùgbọ́n etí yóò mọ̀ wọ́n bí ìbátan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ okùn kẹfà ní irin karùn-ún, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá karùn-ún lásán dọ́gba. Bákan náà ni karùn-ún sí kẹrin, àti kẹrin sí kẹta. Láti kẹta sí kejì nìkan ni ó yàtọ̀: irin kẹrin. Láti kejì sí ìkínní, irin karùn-ún padà. Bí ẹ bá sì lọ sí irin kejìlá, ẹ ó bá ara yín ní àárín okùn gééré, sẹ̀ǹtímítà 32 ààbọ̀ sí ìhín àti sí ọ̀hún, ohùn kan náà ni yóò sì padà wá, ṣùgbọ́n ní àkàbà òkè. Irin méjìlá yìí ni gbogbo ohùn tí ó wà. Láti do dé ré irin méjì, ré dé mi méjì, mi dé fa ẹyọ kan, fa dé sol méjì, sol dé la méjì, la dé si méjì, si dé do ẹyọ kan. Ẹ kà wọ́n pọ̀, ẹ ó rí i pé 12 ni.

Ní ti àkókò nínú orin, mo fi aṣọ yé bàbá. Ẹ mú aṣọ mítà mẹ́rin. Bí ẹ kò bá gé e, ronde ni. Bí ẹ bá gé e sí méjì ọgbọọgba, blanche méjì. Sí mẹ́rin, noire mẹ́rin. Sí mẹ́jọ, croche mẹ́jọ. Ìlà tí ó dúró gbọọrọ lórí ìwé ni ojú rírán, aṣọ tí ó wà láàárín ojú rírán méjì kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ẹsẹ̀ yín ni kí ó máa ka mítà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Àwa tí a dàgbà nídìí agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, eléyìí kì í ṣe wàhálà fún ara wa; ojú nìkan ni ó ń kọ́ ọ.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi fẹ́ kí ẹni tí ń dá orin Yorùbá mọ ìwé yìí. Nígbà tí àwọn ìjọ kọ́kọ́ tú orin òyìnbó sí Yorùbá, ohùn òyìnbó náà ni wọ́n gbé wọ ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ń lọ sísàlẹ̀, orin ń gun òkè, ọkọ ń di ọkọ́ lẹ́nu àwọn tí ń kọ ọ́. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìsìn Cathedral Church of Christ ní Èkó, ta ko èyí. Ó ń kọ orin tí ó bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ “Yoruba Music” tí ó jáde ní 1953. Kò lè rí àléébù náà kedere bí kì í bá ṣe pé ó mọ orin kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, tí ẹ to ohùn orin sí òkè rẹ̀, ojú yín yóò rí ibi tí wọ́n ti ń jà. Bàbá aránṣọ ti rí irú ibẹ̀ mẹ́ta nínú orin ara rẹ̀, ó sì yí méjì padà. Ẹ̀kẹta, ó ní ó dùn báyìí, òun kò ní fọwọ́ kàn án. Èmi kò bá a jiyàn.

Ẹ bèèrè ìṣẹ́jú mélòó lójúmọ́. Ogún ìṣẹ́jú tó, bí ó bá jẹ́ ojoojúmọ́. Wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Àìkú nìkan kò ràn yín lọ́wọ́, orí ìka yín ni yóò kàn gbóná. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan, lórí okùn lásán: i, m, i, m, kí ìka kan má ṣe tẹ̀ lé ara rẹ̀. Márùn-ún fún ìwé: kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sol tí ó wà lórí ìlà kejì, si tí ó wà lórí ìlà àárín, àti mi tí ó wà nínú àlàfo òkè, okùn mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni wọ́n, ọwọ́ òsì kò ní iṣẹ́ kankan. Èyí tí ó kù, ẹ fi ṣe orin tí ẹ fẹ́. Ẹ rọra ṣe é débi tí ẹ kò fi ní ṣì í. Ẹni tí ó bá ń sáré ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní àṣìṣe ni, ọwọ́ kì í sì í yára gbàgbé. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé, ti Matteo Carcassi ni mo lè dárúkọ, ará Ítálì tí ó gbé ní Párísì, tí ó kú ní 1853. Àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń bẹ ní èdè Faransé.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ fi do, ré, mi ta orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú ilé yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìlà. Adé: ré-mi. Táíwò: mi-mi-do. Kẹ́hìndé: mi-do-mi. Ẹ ó bá ìṣòro kan pàdé: Ìdòwú jẹ́ do-do-mi, Àlàbá jẹ́ do-do-mi, Àjàṣẹ́ ìlú wa náà jẹ́ do-do-mi. Bí ẹ bá ta á, ta ni yóò dáhùn? Àwọn onílù ti mọ oògùn rẹ̀ tipẹ́: wọn kì í pe orúkọ lásán, wọ́n ń fi oríkì gùn ún títí kò fi ní jọ ti ẹlòmíràn. Ẹ fi oríkì díẹ̀ kún ti Ìdòwú tiyín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. A ó fún ẹni tí kò mọ ọmọ náà kà, láìsọ orúkọ fún un.